Ológbò Bímọ Nílé Rẹ: Ṣe àti Má Ṣe

Ìyá ni yóò tọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o tọ́jú ìyá. Ìlànà rẹ̀ nìyí fún ẹni tó ń gbé Igbóbì, Fádèyí, Ṣómólú tàbí Bàrígà, ìbáà jẹ́ yàrá kan ló ní.

Wákàtí Àkọ́kọ́

Ṣe: Jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kí o máa wò. Ológbò mọ bí wọ́n ṣe ń bímọ.
Má ṣe: pe ará ilé jọ wá wòran. Bí ẹ̀rù bá bà á, ìrọbí lè dáwọ́ dúró.

Ṣe: Jẹ́ kó fi eyín ara rẹ̀ gé ìwọ́, kó sì jẹ ibi ọmọ bó bá fẹ́.
Má ṣe: fa ìwọ́. Má ṣe fa ibi ọmọ tó yọ díẹ̀ síta. Inú rẹ̀ lè ya.

Ṣe: Ka ọmọ, kí o ka ibi ọmọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ibi bá dín, bóyá ó ti jẹ ẹ́, bóyá ó ṣì wà nínú. Máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan.
Má ṣe: jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ ìrọbí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì. Ó lè fa ilé ọmọ ya.

Ṣe: Bí ìyá kò bá tètè lá awọ tó bo imú ọmọ kúrò, fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí o fi aṣọ gbígbẹ ra á lẹ́yìn títí yóò fi ké. Dá a padà fún ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
Má ṣe: dì í lẹ́sẹ̀ mú kí o máa jù ú fìrìfìrì. Má ṣe ta omi tútù sí i lára. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn. Ó ń pa ọmọ.

Ṣe: Rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan mu ọmú kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí. Inú omi ọmú àkọ́kọ́ ni agbára tó ń dènà àrùn wà.
Má ṣe: fún ọmọ tuntun lómi, àgbo tàbí glúkóòsì.

Ṣe: Pe dókítà ẹran bí ìyá bá ń rọbí kíkankíkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ kò jáde.
Má ṣe: sọ pé ó di àárọ̀.

Ibùsùn Abiyamọ

Má lọ ra nǹkan olówó ńlá. Páálí ti tó. Ṣómólú kún fún ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì máa ń kó páálí òfìfo síta, tọrọ ọ̀kan. Wá èyí tí ìyá lè nà gbọọrọ nínú rẹ̀, tó sì lè yí padà. Gé ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n fi ìdènà tó ga tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀: ìyá á gbẹ́sẹ̀ kọjá, ọmọ kò ní lè rá jáde. Bo ìdajì òkè rẹ̀, nítorí abiyamọ ń fẹ́ ibi tó ṣókùnkùn.

Ṣe: Tẹ́ àgékù bébà funfun sísàlẹ̀, kí o tẹ́ aṣọ òwú tó ti gbó lé e. Pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀.
Má ṣe: lo bébà tí ínkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Má ṣe lo ìyẹ̀fun igi láti ibi ìlagi. Ó ń wọ ọmọ nímú. Má ṣe lo tówẹ̀lì tí òwú rẹ̀ ń yọ. Èékánná ọmọ á há sí i.

Ṣe: Gbé páálí sí igun yàrá, sábẹ́ ibùsùn, tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé.
Má ṣe: gbé e sí pàsééjì ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ. Ẹsẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ pọ̀ jù.

Ṣe: Jẹ́ kí ibùsùn jìnnà sí sítóòfù, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ojú fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń gbà wọlé.
Má ṣe: tan jẹnẹrétọ̀ sí pàsééjì tàbí ilé ìdáná nítorí òjò. Èéfín rẹ̀ ń pa àgbàlagbà, áńbọ̀sì ọmọ tí kò tó ìkúùkù.

Ṣe: Bí o bá ń gbé ìsàlẹ̀ Bàrígà lápá ọ̀sà, gbé páálí sórí búlọ́ọ̀kù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Má ṣe: fi í sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì nítorí pé ọdún tó kọjá kò kún.

Ṣe: Bí èèrà bá ń yọ, gbé ibùsùn sórí pẹpẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí o ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fún ìkòkò ọbẹ̀.
Má ṣe: da kẹrosíìnì sínú agolo náà, má sì ṣe wọ́n oògùn èèrà yí páálí ká. Ìyá á tẹ̀ ẹ́, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì lá ọmọ rẹ̀.

Ooru àti Òtútù

Ọmọ ológbò kò lè mú ara rẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ibi tó wà yẹ kó tó 29 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ooru Èkó sábà máa ń sún mọ́ ọn, nítorí náà má da ara rẹ láàmù nípa ẹ̀rọ amúlégbóná. Fáànù, ilẹ̀ tútù àti òjò oṣù Keje ni kí o bẹ̀rù.

Ṣe: Yí fáànù síbòmíràn.
Má ṣe: jẹ́ kó fẹ́ sí páálí, bó ti wù kí ooru mú ìwọ tó.

Ṣe: Ní òru òjò, rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, fi aṣọ wé e nípọn, kí o tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Má ṣe: fi ike gba gbogbo àyè. Bí ó bá gbóná jù, kí ọmọ rí ibi rá lọ.

Ṣe: Bí páànù bá ń jó nínú oṣù Kẹta, ṣí fèrèsé, gbé páálí kúrò lábẹ́ ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ìyá tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi tó dùbúlẹ̀ sí ń sọ fún ọ pé ooru ti pọ̀ jù.
Má ṣe: ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ wọn kí o wá wọ mọ́tò lọ sí Erékùṣù Èkó títí di alẹ́.

Ṣe: Bí o bá bá ọmọ kan tó tutù lẹ́yìn páálí, kọ́kọ́ fi í mọ́ àyà rẹ lábẹ́ aṣọ títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́, kí o tó dá a padà sídìí ọmú.
Má ṣe: fún ọmọ tútù lóúnjẹ. Inú rẹ̀ kò lè dà á.

Oúnjẹ

Abiyamọ ológbò tó ń fún ọmọ mẹ́rin lọ́mú lè jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe àṣìṣe. A ó bu ẹ̀bà tí a fi ọbẹ̀ ata rẹ́ sílẹ̀ fún un, a ó ní ó ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ẹran àti ẹja ni oúnjẹ ológbò. Ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti ìrẹsì kò lè di omi ọmú tó dára.

Ṣe: Fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Bó bá tún fẹ́, bù sí i.
Má ṣe: díwọ̀n oúnjẹ fún abiyamọ. Kò sí abiyamọ tó ń jẹ àjẹjù ní oṣù àkọ́kọ́.

Ṣe: Ra oúnjẹ ọmọ ológbò alápò bí agbára rẹ bá ká a, kódà kó jẹ́ ìdajì, kí o fi ẹja tàbí adìyẹ ṣe ìdajì tó kù. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ló ń gba abiyamọ là.
Má ṣe: fi ẹja nìkan bọ́ ọ fún oṣù méjì. Ara rẹ̀ á ṣaláìní.

Ẹja Títọ́sì, ṣàwá tàbí panla, èyíkéyìí ló dára. Bí o ó ti sè é nìyí. Gbé e kaná pẹ̀lú omi lásán. Jẹ́ kó tutù. La á láti ẹ̀yìn, fa egungun àárín yọ lódindi, lẹ́yìn náà kí o fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ ẹran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìrù. Ẹ̀gún tó bá kù á gún ọ lọ́wọ́ kó tó gún un lọ́fun. Da omi tí o fi sè é lé e lórí, kó mu ún pẹ̀lú.

Ṣe: Lo ẹsẹ̀ adìyẹ, ìwe tàbí ìfun adìyẹ láti ọjà Bàrígà bí owó kò bá tó. Fọ̀ ọ́, sè é jinná, yọ egungun rẹ̀.
Má ṣe: fún un ní egungun adìyẹ tó ti jinná. Ó ń ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ nínú ọ̀fun.

Ṣe: Sè é láìní iyọ̀, láìní ata, láìní Maggi.
Má ṣe: fi àlùbọ́sà tàbí ááyù sí i. Méjèèjì ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ṣe: Dà á nù bí ẹja inú fíríìsà bá ti yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, nítorí àìsí iná.
Má ṣe: ní “ológbò ṣáà ni.” Ohun tó bá dà á nínú rú yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ṣe: Gbé omi mímọ́ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ tó, omi inú ọ̀rá dára. Pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.
Má ṣe: gbé abọ́ jíjìn sítòsí ọmọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kú sínú omi tí kò ju ìka méjì lọ.

Ṣe: Fún un lómi tó bá fẹ́ mu.
Má ṣe: fi mílíìkì agolo tàbí wàrà màlúù rọ́pò rẹ̀. Ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru sì ń gbẹ ọmú.

Ibi Ìyàgbẹ́

Ṣe: Bu iyanrìn gbígbẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́.
Má ṣe: gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tàbí páálí.

Ṣe: Bí aboyún bá wà nílé, kí ẹlòmíràn máa kó o. Àrùn kan tó ń ba ọmọ inú jẹ́ lè ti ara ìgbẹ́ ológbò wá.
Má ṣe: lé ológbò jáde nítorí oyún. Ìgbẹ́ tí wọ́n kó kúrò kó tó pé ọjọ́ kan kì í tíì lè ran ènìyàn.

Májèlé Inú Ilé

Ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fi ń tọ́jú ilé lè pa abiyamọ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ ní òru kan.

Ṣe: Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilẹ̀ yàrá tó wà.
Má ṣe: da Izal tàbí Dettol síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè borí oògùn apakòkòrò bẹ́ẹ̀. Yóò lá a ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣe: Ta néètì bí ẹ̀fọn bá pọ̀.
Má ṣe: fọ́n Sniper tàbí ọtapiápiá sínú yàrá. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà gbangba. Bí o bá ṣì rí i lórí wíìbáàrò, má rà á.

Ṣe: Sọ fún gbogbo ará ilé, yàrá sí yàrá, pé abiyamọ wà nílé, kí wọ́n dáwọ́ oògùn eku dúró. Pàkúté ṣì wà.
Má ṣe: rò pé oògùn eku yàrá kejì kò kàn ọ́. Eku tó jẹ ẹ́ lológbò rẹ yóò pa jẹ.

Ṣe: Jẹ́ kí dókítà ẹran yan oògùn kòkòrò ara fún un. Fún ọmọ, ìyàrun eléyín wẹ́wẹ́ ti tó.
Má ṣe: lo oògùn eégbọn ajá fún ológbò. Èyí tó ní permethrin nínú ń pa á.

Ṣe: Bí ara rẹ̀ bá gbóná, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.
Má ṣe: fún un ní Panadol tàbí parasítámọ́ọ̀lù èyíkéyìí. Ẹyọ kan lè pa ológbò tó ti dàgbà. Mo tún un sọ: ẹyọ kan.

Ṣe: Bí o bá fura pé ó jẹ májèlé, gbé e àti páálí oògùn náà lọ bá dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Kó ọmọ kúrò nídìí ọmú.
Má ṣe: rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń gbà lọ, ìyẹn á sì di àìsàn kejì.

Àlejò, Ọmọdé àti Ará Ilé

Ṣe: Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.
Má ṣe: gbé ọmọ kiri fún fọ́tò. Ọwọ́ ènìyàn nìkan kò ní kí ìyá kọ ọmọ. Ìyọnu tí kò dáwọ́ dúró ló ń lé e lọ.

Ṣe: Láti ọ̀sẹ̀ kejì, máa fọwọ́ kan ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò ń kọ́ láti fẹ́ràn ènìyàn.
Má ṣe: fi wọ́n sílẹ̀ láìfọwọ́kàn títí oṣù méjì, kí o wá máa sọ pé wọ́n jẹ́ oníjàgídíjàgan.

Ṣe: Jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́, jókòó sílẹ̀, kó tó gbé ọ̀kan.
Má ṣe: jẹ́ kó gbé e lórí ìdúró. Ọmọ tó já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì kì í sábà là.

Ṣe: Lé akọ ológbò àdúgbò jìnnà, ó lè pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.
Má ṣe: jẹ́ kí ajá ilé wá fi imú rùn wọ́n. Ìyá á jà, ọmọ á sì fara gbá a.

Ṣe: Lọ bá onílé fúnra rẹ, kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ológbò mi bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni mo ń tọrọ. Màá kó ìgbẹ́ wọn lójoojúmọ́, mo sì ti ń wá ẹni tí yóò gba àwọn ọmọ.” Onílé tó mọ bí èkúté ṣe ń da ilé láàmù yóò gbọ́.
Má ṣe: fi wọ́n pamọ́ títí igbe ọmọ yóò fi tú ọ fó lóru.

Ṣe: Bí ẹnikẹ́ni bá ní àjẹ́ ni ológbò dúdú, dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé àwọ̀ irun ni. Àwọ̀ mẹ́ta lè jáde láti inú oyún kan náà.
Má ṣe: gbà kí wọ́n ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ láti lọ sọ nù. Mo kórìíra ìwà yìí gan-an. Ọmọ tí kò tíì lajú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Bí Ìyá Bá Ń Kó Ọmọ Kiri

Ṣe: Wo ohun tó lé e: ariwo, ìdọ̀tí, ooru, akọ. Mú un kúrò. Gbé páálí lọ sí ibi tó yàn bí ibẹ̀ kò bá léwu.
Má ṣe: dá ọmọ padà ní tipátipá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Yóò wá ibi tó jìnnà sí i, ó sì lè jẹ́ òrùlé aládùúgbò tàbí abẹ́ mọ́tò tó dúró sẹ́bàá títì.

Ṣe: Wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà tó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀.
Má ṣe: gbára lé pé ó ṣì wà níbi tí o fi í sí lálẹ́.

Ìwọ̀n Ọmọ

Ọmọ ológbò tuntun sábà máa ń tó nǹkan bí 100 gíráàmù. Ó yẹ kó máa fi nǹkan bí 10 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ó yẹ kó ti di ìlọ́po méjì. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ti tó fún èyí: gbé abọ́ kékeré lé e, tẹ́ aṣọ sí i, dá a padà sí òdo, gbé ọmọ sínú rẹ̀, kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ṣe: Wọ̀n wọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́.
Má ṣe: fi ojú díwọ̀n. Ọmọ tó ń rù máa ń sanra lójú olówó rẹ̀.

Ṣe: Gbé ọmọ tí kò fi nǹkan kún un sídìí ọmú ẹ̀yìn, níbi tí omi ọmú ti sábà máa ń pọ̀. Bí kò bá tún sanra lọ́jọ́ kejì, pe dókítà.
Má ṣe: dúró de ọjọ́ kẹta.

Ṣe: Fi àwọ̀ irun àti àmì ara dá wọn mọ̀.
Má ṣe: so okùn tàbí òwú mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ó ń dàgbà, okùn kò dàgbà.

Ṣe: Dúró kí ojú là fúnra rẹ̀, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá. Bí ojú bá wú tàbí tó ń ṣọyún, fi omi gbígbóná tó ti tutù nù ún, kí o gbé e lọ bá dókítà.
Má ṣe: fi ọwọ́ la ojú ọmọ. Má ṣe kán omi ọmú ènìyàn, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i.

Àmì Ewu Lára Ìyá

Ṣe: Yẹ ọmú rẹ̀ wò lójoojúmọ́ nígbà tó bá ń jẹun. Fi ẹ̀yìn ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmú tó dára rọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́. Èyí tó le bí òkúta, tó gbóná, tó pupa tàbí tó ń dúdú, tí ìyá fa ara sẹ́yìn nígbà tí o fọwọ́ kàn án, ti ṣàìsàn.
Má ṣe: fún un pẹ̀lú agbára. Má ṣe fi òrí tàbí róòbù pa á. Ẹnu ọmọ ń bọ̀ níbẹ̀.

Ṣe: Gbà pé ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú díẹ̀díẹ̀ lè máa wá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.
Má ṣe: gbójú fo èyí tó ń rùn, tó dà bí ọyún, tàbí ẹ̀jẹ̀ tútù tó ń dà. Ilé ọmọ ti kó àrùn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Ṣe: Sáré bí o bá rí i pé ó ń gbọ̀n, tó ń rìn gan-n-gan, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó wá ṣubú tí gìrì mú un. Kálísíọ̀mù ara rẹ̀ ti bá omi ọmú lọ. Oṣù àkọ́kọ́ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó bímọ púpọ̀ ló sì ń mú jù. Abẹ́rẹ́ dókítà lè gbé e dìde láàárín wákàtí kan. Láìsí i, yóò kú.
Má ṣe: ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Má ṣe da omi sí i lórí. Má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nídìí ọmú.

Ṣe: Ka ọjọ́ kan tí kò jẹun, tàbí ọjọ́ kan tó kẹ̀yìn sí ọmọ, sí àìsàn. Ìwọ̀n ooru ara ológbò tí ara rẹ̀ le kì í ju nǹkan bí 39 lọ.
Má ṣe: ní ó ń díbọ́n.

Ṣe: Wá nọ́ńbà dókítà ẹran sílẹ̀ kó tó bímọ. Béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria.
Má ṣe: gbé e fún ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri inú ọjà. Ọsibítù Igbóbì tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, egungun ènìyàn ni wọ́n ń tò níbẹ̀.

Bí Ó Bá Bù Ọ́ Jẹ

Ṣe: Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí o lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Àrùn dìgbòlugi kò ní oògùn bó bá ti fara hàn.
Má ṣe: fi ata, epo tàbí taba dí i.

Bí Ìyá Bá Kú

Ṣe: Kọ́kọ́ wá abiyamọ ológbò mìíràn ládùúgbò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ.
Má ṣe: bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògì, kọ́sítáàdì tàbí mílíìkì agolo.

Ṣe: Ra mílíìkì ọmọ ológbò lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, òru pẹ̀lú ọ̀sán. Jẹ́ kó dojú bolẹ̀ bí ìgbà tó ń mu ọmú.
Má ṣe: dá a dojú sókè bí ọmọ ènìyàn. Mílíìkì á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ṣe: Lẹ́yìn oúnjẹ, fi òwú tí o rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọra nu ìdí rẹ̀ títí yóò fi tọ̀. Ahọ́n ìyá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí títí di ọ̀sẹ̀ kẹta.
Má ṣe: fo ọ̀kan. Ọmọ kékeré kò lè dá tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ Kẹrin sí Ìkẹjọ

Ṣe: Bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ rírọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: ẹja tí o gún, tí o fi omi rẹ̀ pò, nínú àwo pẹrẹsẹ.
Má ṣe: fi imú ọmọ bọ inú oúnjẹ. Fi ìka tọ́ ọ sí i létè. Òun náà á lá a.

Ṣe: Bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ní ìwọ̀n tí dókítà bá sọ, kí o tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí wọn yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú. Kí ìyá lo tirẹ̀ pẹ̀lú.
Má ṣe: gé oògùn aràn ènìyàn fún wọn.

Ṣe: Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ti dìgbòlugi sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìlá.
Má ṣe: fi ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ sínú ilé tí ológbò ti ṣàìsàn kú.

Ṣe: Jẹ́ kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú ìyá wọn.
Má ṣe: fi ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tọrẹ nítorí pé ẹni tó fẹ́ ẹ ń kánjú.

Ṣe: Fún ẹni tí o mọ ilé rẹ̀. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù bébà àti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú nílò ológbò, nítorí eku ń jẹ ọjà wọn. Béèrè ohun tí wọn yóò máa fún un jẹ, àti bóyá oògùn eku wà nílẹ̀.
Má ṣe: kó wọn sínú páálí lọ dà sẹ́nu ọjà, sí etí gọ́tà tàbí sábẹ́ afárá. Wọn kì í “rọ́gbọ́n dá” níbẹ̀. Wọ́n ń kú.

Kó Tó Tún Lóyún

Ṣe: Ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó lè lóyún tuntun nígbà tí ọmọ ṣì wà nídìí ọmú, oyún ológbò sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré.
Má ṣe: gbà gbọ́ pé ọmú tó ń fún ọmọ kò ní jẹ́ kó lóyún.

Ṣe: Bá dókítà ẹran ṣètò iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kúrò lẹ́nu ọmú tí ọmú sì ti gbẹ. Bí owó bá wúwo, bẹ̀rẹ̀ àjọ fún un láti ọjọ́ tó bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti tó láti kó díẹ̀ jọ.
Má ṣe: fún un ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ènìyàn. Ó ń ba ilé ọmọ jẹ́.

Abo tí o bá mú sílé lára àwọn ọmọ yìí lè lóyún ní oṣù mẹ́rin. Gba ọjọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Pe dókítà lónìí.